Ṣé O Mọ̀? Etí Tí Ọkàn Fi Ń Gbọ́ Iṣẹ́ Adirẹnálíìnì

Ọlọ́kadà kan tẹ hóònù mọ́ ọ lẹ́yìn lójijì. O fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àyà rẹ ń lù kìkì. Kí o tó yíjú láti mọ ẹni tí o máa ṣépè fún, iṣẹ́ kan ti dé ọkàn rẹ, ọkàn sì ti dáhùn. Adirẹnálíìnì ni ìránṣẹ́ tó mú iṣẹ́ náà wá láti orí kíndìnrín, òun náà sì ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí. Yorùbá ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Bí o bá fẹ́ wọ inú ọkàn, fi òwe yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ná. Níbẹ̀, ẹni tí a ń jẹ́ṣẹ́ fún ló ń pinnu ohun tí iṣẹ́ náà yóò dà.

Ṣé o mọ̀ pé omi ẹ̀rọ ìlú London ló tú àṣírí pé ọkàn kò lè lù láìsí kálísíọ̀mù? Sidney Ringer, dókítà kan ní University College ní ìlú náà, yọ ọkàn àkèré, ó fi omi oníyọ̀ bọ́ ọ, ọkàn náà sì ń lù lọ bí ẹni pé ó ṣì wà láyà àkèré. Ó kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1882. Ìgbà tó yá ló rí i pé omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n fi po iyọ̀ òun, kì í ṣe omi tí wọ́n sè di ooru, tí wọ́n sì mú ooru rẹ̀ padà di omi tí kò ní ohunkóhun nínú. Nígbà tó wá lo irú omi bẹ́ẹ̀, ọkàn àkèré rẹ̀wẹ̀sì, ó sì dákẹ́. Kálísíọ̀mù inú omi ẹ̀rọ ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà látẹ̀yìnwá, tí ẹnikẹ́ni kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ringer kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ní 1883 ó kọ ìwé mìíràn tó fi tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe, ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ọkùnrin náà nìyẹn. Bí wọ́n bá ń fa omi sí ẹnìkan lára nílé ìwòsàn, ka ohun tí wọ́n kọ sára ike omi náà. Ó ṣeé ṣe kí o rí "Ringer's" níbẹ̀. Òun náà ni.

Kálísíọ̀mù yìí kan náà ló wà nínú egungun àti nínú mílíìkì. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ọkàn kì í fẹ́ kó pọ̀ nínú òun rárá? Láàrin ìlù kan sí èkejì, nígbà tí ọkàn ń sinmi, kálísíọ̀mù tó wà lóde sẹ́ẹ̀lì fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju èyí tó wà nínú lọ. Ó dà bí ọjọ́ bọ́ọ̀lù, tí èrò kún géètì pápá ìṣeré fọ́fọ́ tí inú pápá ṣì ṣófo. Lára awọ sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ẹnu ọ̀nà tóóró wà, àwọn tí onímọ̀ ń pè ní L-type. Bí àṣẹ ìlù bá kan sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ṣí fún ìgbà tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kálísíọ̀mù díẹ̀ á rọ́ wọlé, díẹ̀ yẹn á sì lọ ṣí àká ńlá kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó tú jáde láti inú àká náà ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń mú iṣan ọkàn fún pọ̀. Lẹ́yìn náà ni sẹ́ẹ̀lì á tún kó gbogbo rẹ̀ padà, àwọn kan sínú àká, àwọn kan síta. Nǹkan bí ìgbà 100,000 ló ń ṣe èyí lójúmọ́. Nítorí pé kálísíọ̀mù ń gbé iná lára, wíwọlé rẹ̀ ṣeé fi ẹ̀rọ wọ̀n bí a ṣe ń wọn iná mànàmáná. Ìyẹn ni ìṣàn kálísíọ̀mù. Bí ìṣàn yìí bá pọ̀, ìlù ọkàn á le. Bó bá dín kù, ìlù á rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé dókítà kan tó ń tọ́jú aláìsàn ní Harrogate, ní England, ló kọ́kọ́ gbé omi kókó orí kíndìnrín lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní London pé kó wá wo ohun tó ń ṣe? George Oliver lorúkọ rẹ̀, Edward Schäfer sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ní 1894 wọ́n fi hàn pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè gan-an. Ní 1901, Jokichi Takamine, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, kéde pé òun ti yọ ojúlówó rẹ̀, ìyẹn ni adirẹnálíìnì. Ó tún tó nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin kí Harald Reuter tó fi hàn, ní 1967, pé ìṣàn kálísíọ̀mù wà lára okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìlù kiri inú ọkàn, àti pé adirẹnálíìnì ń mú un pọ̀ sí i.

Ọ̀nà wo ló ń gbà mú un pọ̀? Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ńṣe ló ń fẹ ẹnu ọ̀nà náà lójú. Mo ṣì í. Erwin Neher àti Bert Sakmann ní Jámánì ṣe ọgbọ́n kan ní 1976: wọ́n fi ẹnu gíláàsì tín-ín-rín lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kí wọ́n lè máa gbọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣí tó sì ń tì. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn gbé ọgbọ́n yìí dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì ọkàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n rí i pé ìwọ̀n tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá kò yí padà. Ńṣe ni ẹnu ọ̀nà ń ṣí léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ronú sí ilé ìfowópamọ́ tó ní ẹ̀rọ ATM mẹ́wàá níwájú, tó jẹ́ pé méjì péré ló ń sanwó lọ́jọ́ lásán. Bí adirẹnálíìnì bá dé, kì í ṣe pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń sáré sanwó. Àwọn mẹ́jọ tó ń sùn ló jí.

Wàyí o, adirẹnálíìnì kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn láti ṣe gbogbo èyí. Lóde ló ń dúró sí. Ó ní àwọn purotéènì tó dúró sára awọ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, rìsẹ́pítọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Èmi yóò máa pè wọ́n ní etí, torí iṣẹ́ etí ni wọ́n ń ṣe. Ṣé o mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrò ni etí yìí, kò sẹ́ni tó rí i? John Newport Langley ní Cambridge ló sọ ní 1905 pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ títí Raymond Ahlquist, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Georgia ní Augusta, fi oríṣi oògùn mẹ́fà tó jọ ara wọn wo ẹ̀yà ara lóríṣiríṣi. Ó rí i pé bí agbára wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn nínú ọkàn. Ó ní etí méjì ló wà, kì í ṣe ọ̀kan. Ó pe ọ̀kan ní álífà, ó pe èkejì ní bétà. Ìwé ìwádìí tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí kọ̀ ọ́. Ìwé mìíràn ló gbé e jáde ní 1948, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì rèé, ìwọ̀nba ènìyàn ló kà á sí.

Ẹnìkan tó kà á sí ni James Black, ará Scotland. Ìpayà jàǹbá ọkọ̀ kan ló ti yọrí sí ikú bàbá rẹ̀, àrùn ọkàn ló sì pa á. Black ń wá ohun tí yóò di etí ọkàn kó má bàa gbọ́ gbogbo ariwo adirẹnálíìnì. Propranolol ló bá dé, oògùn tí ọ̀pọ̀ alárùn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé wa mọ̀ dunjú. Wọ́n fún Black ní ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Ahlquist kò gba Nobel kankan. Ó ti kú ní 1983.

Ní 1967, àwọn kan tún pín bétà fúnra rẹ̀ sí méjì, wọ́n pè wọ́n ní bétà-1 àti bétà-2. Ní 1989, wọ́n rí ẹ̀kẹta. Nínú ọkàn ènìyàn tó ní ìlera, bétà-1 tó nǹkan bí 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, bétà-2 ló sì kó púpọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́ kù. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ṣé o mọ̀ pé etí méjèèjì yìí lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, kí ọ̀kan pariwo rẹ̀ fún gbogbo ìlú, kí èkejì sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún aládùúgbò nìkan? Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyí. Etí gbọ́, ó fọwọ́ kan purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní Gs, Gs jí ẹ̀rọ kan tó ń pèsè èròjà kékeré tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ cAMP, cAMP jí òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ PKA, PKA ló máa mú kí àwọn ẹnu ọ̀nà kálísíọ̀mù jí. Ohun tí gbogbo ènìyàn rò ni pé bí cAMP bá ti jáde, yóò tàn ká sẹ́ẹ̀lì bí òórùn iyán tó ń ta sánsán dé ilé kẹta. Ní 1996, Jonas Jurevičius àti Rodolphe Fischmeister mú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láti inú ọkàn àkèré, níbi tó jẹ́ pé bétà-2 ló pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì yìí gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ṣètò omi méjì kí ó máa ṣàn gba ara rẹ̀, ọ̀kan ní ìdajì ọ̀tún, ọ̀kan ní ìdajì òsì. Ìdajì kan ṣoṣo ni wọ́n fún ní oògùn tó ń ṣe bí adirẹnálíìnì. Ẹnu ọ̀nà kálísíọ̀mù tó wà ní ìdajì yẹn jí. Àwọn ti ìdajì kejì, nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, kò mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀.

Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Sẹ́ẹ̀lì tí ojú lásán kò rí, ó ní àdúgbò nínú! Ohun tó ń dá cAMP dúró kó má rìn jìnnà ni àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń jẹ ẹ́ run bó ṣe ń jáde, bí ìgbà tí àwọn ọmọ dúró ti ìyá alákàrà, tí àkàrà kò dé inú abọ́ kí wọ́n tó gbà á.

Àwọn olùwádìí ní London àti Würzburg tún gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ní 2010. Ara sẹ́ẹ̀lì ọkàn kò tẹ́jú. Ó ní ihò tóóró tó wọnú lọ bíi kànga. Wọ́n rí i nínú eku tó ní ìlera pé bétà-1 wà káàkiri, lórí ilẹ̀ àti nínú kànga, ṣùgbọ́n inú kànga nìkan ni bétà-2 ti ń ṣiṣẹ́. Nínú eku tí ọkàn rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, bétà-2 ti kúrò nínú kànga, ó ti bọ́ síta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́ tẹ́lẹ̀ sì ti di ohun tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ń gbọ́. Etí kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Ibi tó jókòó sí ló yí padà.

Ṣé o mọ̀ pé bétà-2 tún ń ṣe ojú méjì? Yàtọ̀ sí Gs tó ń ti iṣẹ́ síwájú, purotéènì mìíràn wà tó ń jẹ́ Gi, tó ń fà á sẹ́yìn. Bétà-1 kì í sábà ní ohun tó pa òun àti Gi pọ̀. Bétà-2 ń bá àwọn méjèèjì ṣe. Rui-Ping Xiao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore ló fi èyí hàn nínú ọkàn eku ní àwọn ọdún 1990, ohun tí wọ́n sì fi tú u wò yà mí lẹ́nu: májèlé tí kòkòrò àrùn ikọ́ àwúbì ń tú jáde, ikọ́ tí a tìtorí rẹ̀ ń gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ ọwọ́. Májèlé náà máa ń di Gi lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi dì í lọ́wọ́, iṣẹ́ bétà-2 lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé Gi ti ń fà á sẹ́yìn láti ìgbà yìí wá.

Ọ̀rọ̀ ojú méjì yìí lè jẹ́ ìdí àìsàn kan tí àwọn dókítà ní Japan kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1990, tí wọ́n pè ní takotsubo. Ẹni tí ìbànújẹ́ ńlá bá lù lójijì, àgàgà obìnrin tó ti kúrò ní ọjọ́ orí ìbímọ, ìdí ọkàn rẹ̀ á wú, á dákẹ́, ọkàn á sì rí bí ìkòkò ọlọ́rùn tóóró tí àwọn apẹja Japan fi ń mú ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ní 2012, wọ́n rí i nínú eku pé bí adirẹnálíìnì bá ti pọ̀ kọjá àlà, bétà-2 tó pọ̀ ní ìdí ọkàn máa ń ya kúrò lọ́dọ̀ Gs, á lọ bá Gi. Ohun tó ń mú ọkàn sáré wá di ohun tó ń dá a dúró. Èrò àwọn onímọ̀ kan ni pé ńṣe ni ọkàn ń fi èyí gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ariwo tó lè pa á. Èrò yẹn wọ̀ mí lọ́kàn.

Bétà-3 ńkọ́? Òun ni aláìgbọ́ràn ilé. Ṣé o mọ̀ pé nínú yàrá òkè ọkàn ènìyàn ó ń ṣe ohun kan, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ó ń ṣe ìdàkejì rẹ̀? Ní 1996, àwọn olùwádìí ní Nantes, ní France, fi hàn pé bí a bá jí bétà-3 nínú yàrá ìsàlẹ̀, agbára ìlù ń dín kù. Ní 2008, ìwádìí tí àwọn ará Lithuania àti France jọ ṣe tún fi hàn pé nínú yàrá òkè, bétà-3 ń mú ìṣàn kálísíọ̀mù pọ̀, ó sì ń mú iṣan fún pọ̀ gidi. Ọkàn kan náà, àyà ènìyàn kan náà, ògiri díẹ̀ ló là wọ́n láàrin. Àpò ìtọ̀ náà ní bétà-3, ibẹ̀ ló sì ti rí iṣẹ́ ṣe lọ́dọ̀ àwọn dókítà: oògùn mirabegron ń jí i kí àpò ìtọ̀ lè rọ̀, kí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n lóru lè sùn.

Adirẹnálíìnì nìkan kọ́ ló ń bá kálísíọ̀mù ọkàn sọ̀rọ̀, mo kàn ń tọ́ka sí èyí ni. Serotonin, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, ní etí tirẹ̀ nínú yàrá òkè ọkàn ènìyàn, orúkọ etí náà ni 5-HT4. Ó ń mú ìṣàn kálísíọ̀mù pọ̀ níbẹ̀. Ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ ní irú rẹ̀, ọkàn eku kò ní in. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé oògùn kan kò ṣe ọkàn eku ní nǹkan kan, béèrè ọkàn ta ni wọ́n tún wò.

Ṣé o mọ̀ pé ọkàn ní ìjánu, àti pé ojú àlá ni wọ́n ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́? Otto Loewi ń sùn nílé rẹ̀ ní Graz, ní Austria, ó lá àlá bí yóò ṣe dán nǹkan kan wò. Ó jí, ó kọ ọ́ sórí bébà, ó padà sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ohun tó kọ. Àlá náà tún padà wá lóru kejì, lọ́tẹ̀ yìí kò kọ nǹkan kan, yàrá ìwádìí ló gbà lọ lóru náà. Ó yọ ọkàn àkèré méjì. Ó ta iṣan ìmọ̀lára tó ń fa ọ̀kan sẹ́yìn, ìlù rẹ̀ falẹ̀. Ó wá bu omi tó yí ọkàn yẹn ká, ó dà á sí èkejì, èkejì náà falẹ̀. Ó hàn gbangba pé ohun kan ti jáde sínú omi náà. Acetylcholine ni. Ó kọ ọ́ jáde ní 1921, òun àti Henry Dale sì jọ gba Nobel ní 1936.

Ohun tí Loewi tún lò lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí o gbọ́, torí ilẹ̀ wa ló ti jáde. Acetylcholine kì í pẹ́ nínú ara, kíákíá ni ara ń fọ́ ọ túútúú. Ní 1926, Loewi àti Emil Navratil fi èròjà kan dá ìfọ́túútúú yẹn dúró, kí wọ́n lè fi ẹ̀rí hàn pé ó ń ṣẹlẹ̀. Inú èso èsèrè ni èròjà náà ti wá, èso tí àwọn Efik ní Calabar máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn jẹ láyé àtijọ́: bó bá pọ̀ ọ́, wọ́n á ní kò jẹ̀bi, bó bá kú, ẹjọ́ ti parí. Títí di òní, eserine ni orúkọ kan tí ayé ń pe èròjà náà, láti ẹnu Efik tààrà.

Etí tí acetylcholine ń bá sọ̀rọ̀ nínú ọkàn ń jẹ́ M2, Gi sì lọ̀rẹ́ rẹ̀. Nínú yàrá ìsàlẹ̀, bí ọkàn bá dákẹ́ jẹ́jẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe ìṣàn kálísíọ̀mù ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí adirẹnálíìnì bá ti gbé e sókè, M2 á fà á sílẹ̀. Bí ìyàwó àgbà tó máa ń dákẹ́ títí ọkọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ni.

Ṣé o mọ̀ pé ọkàn tó ń ṣàárẹ̀ máa ń gé etí ara rẹ̀? Bí ọkàn bá ń daṣẹ́ sílẹ̀, ara á máa da adirẹnálíìnì àti èkejì rẹ̀, noradrenaline, sí i lọ́rùn láìdákẹ́. Ní 1982, Michael Bristow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára ọkàn àwọn aláìsàn tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ọkàn fún pé etí bétà ti dín kù tó bí ìdajì. Ìwádìí wọn lẹ́yìn náà fi hàn pé bétà-1 ló ń pòórá, bétà-2 dúró síbi tó wà. Bí a bá wá fi tipátipá kún bétà-1 ńkọ́? Àwọn ará Jámánì ṣe é nínú eku ní 1999: ní kékeré, ọkàn àwọn eku náà lágbára; nígbà tí wọ́n dàgbà, ó wú, ó sì dẹ̀gbẹ̀. Gígé tí ọkàn ń gé etí ara rẹ̀ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀.

Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ìṣègùn pé èèwọ̀ ni oògùn tó ń di etí bétà fún ọkàn tó ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ó jọ pé ó bọ́gbọ́n mu: ta ni í gba pàṣán kúrò lẹ́yìn ẹṣin tó ti rẹ̀? Ní 1975, Finn Waagstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gothenburg, ní Sweden, fún aláìsàn méje ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, ara wọn sì yá sí i. Ẹ̀rín ni àwọn kan fi wọ́n rín. Ó di 1999 kí ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní CIBIS-II tó fi bisoprolol, tí bétà-1 ni ó ń dì jù, dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹṣin náà kò fẹ́ pàṣán. Ìsinmi ló fẹ́.

Èyí kan àwa ènìyàn dúdú ní pàtàkì. Ṣé o mọ̀ pé a bí irú oògùn yìí mọ́ àwọn kan? Ara ní òṣìṣẹ́ kan, GRK5, tó ń rọ etí bétà lójú bí ariwo bá pọ̀ jù. Ní 2008, Stephen Liggett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà ló ní ẹ̀yà GRK5 kan tó ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa ju ti àwọn yòókù lọ. Ó ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn tó ní i tí ọkàn wọn ń daṣẹ́ sílẹ̀ pẹ́ láyé bí ẹni pé wọ́n ti ń lo oògùn náà.

Ó ku ìdè kan nínú ẹ̀wọ̀n tí mo tò láti etí dé ẹnu ọ̀nà kálísíọ̀mù. Mo ní PKA ló ń mú kí ẹnu ọ̀nà kálísíọ̀mù jí. Fún bí ogójì ọdún, ohun tí ìwé ń kọ́ni ni pé PKA ń fi àmì sára ẹnu ọ̀nà náà gan-an. Wọ́n wá dá eku tí wọ́n ti pa gbogbo ojú tí àmì yẹn lè bọ́ sí rẹ́ lára ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Adirẹnálíìnì dé, ẹnu ọ̀nà sì ṣí bí ti tẹ́lẹ̀! Ní 2020, Steven Marx àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Columbia, ní New York, rí ẹni tí wọ́n ń wá: purotéènì kékeré kan tó ń jẹ́ Rad, tó dúró ti ẹnu ọ̀nà, tó ń tì í pa bí mẹ́gádì. Rad ni PKA ń fi àmì sí lára. Bí ó bá ti gba àmì, á kúrò níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà á sì wà ní ṣíṣí.

Mo ka ẹ̀bùn Nobel tó wà lójú ọ̀nà láti orí hóònù ọlọ́kadà dé ibí yìí. Yàtọ̀ sí àwọn tí mo ti dárúkọ, Earl Sutherland gba ti cAMP ní 1971; Neher àti Sakmann, 1991; Fischer àti Krebs lórí àmì tí irú PKA ń fi sára purotéènì, 1992; Gilman àti Rodbell lórí purotéènì G, 1994; Lefkowitz àti Kobilka lórí etí fúnra rẹ̀, 2012. Pẹ̀lú ti Loewi àti ti Black, méje ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilé. Bétà-2 tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ọkàn, òun náà ló ń la ọ̀nà fún èémí nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí Ventolin fi ń ran alárùn ikọ́ fée lọ́wọ́, ìdí náà sì nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi lè máa lù kìkì lẹ́yìn tó bá fà á sínú. Propranolol kò mọ ọkàn yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró. Etí méjèèjì ló ń dì. Bí ikọ́ fée bá ń ṣe ọ́, tí dókítà tuntun sì fẹ́ kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ, sọ fún un kó tó mú bírò. Má sì gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò tó ní ó ṣe òun dáadáa.

Bí ìwọ fúnra rẹ bá ti ń lo ọ̀kan nínú wọn, má dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá tàbí pé owó tán. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn tí wọ́n di etí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń hu etí mìíràn kún un. Ọjọ́ tí o bá ṣàdédé ṣí gbogbo rẹ̀, adirẹnálíìnì díẹ̀ lè dún létí ọkàn rẹ bí àrá. Bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ dín in kù díẹ̀díẹ̀.